Epo ti sọ̀rọ̀, ta ló gbọ́? Ohun tó ń mú kí tiransifọ́mà ńlá gbiná

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2025, tiransifọ́mà kan gbiná ní ibùdó iná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní North Hyde, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti ti pápákọ̀ òfurufú Heathrow pa. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó tó 67,000 ni iná lọ lọ́wọ́ wọn, ìrìn àjò àwọn èèyàn tó sún mọ́ 300,000 sì dàrú. Àwọn panápaná ní epo tó wà nínú ẹ̀rọ náà tó lítà 25,000, àti pé ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń jó.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ gba ẹnu gbogbo èèyàn ni pé ta ló dáná sun ún. Àwọn ọlọ́pàá wádìí títí, wọn ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Keje, NESO, àjọ tó ń darí ètò iná mànàmáná ní Great Britain, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ohun tó ṣeé ṣe jù pé ó fa iná náà, wọ́n ní, ni ọ̀rinrin tó yọ́ wọnú apá kan lára tiransifọ́mà ọ̀hún.

Ọ̀rinrin! Ẹni tí kò mọ inú ẹ̀rọ yìí lè rò pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré ni. Kò ya àwọn tó ń tọ́jú tiransifọ́mà lẹ́nu rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bá omi jà, inú epo sì ni wọ́n ti ń bá a jà.

Bí èèyàn bá ṣí táńkì irin yẹn wò, nǹkan mẹ́rin ló máa bá níbẹ̀ jù: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, wáyà bàbà tí wọ́n yí mọ́ ọn, ìwé tí wọ́n fi we wáyà náà, àti epo tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn yà yín lẹ́nu o. Ìwé gidi ni, igi ni wọ́n fi ṣe é, ẹbí páálí tí wọ́n fi ń di ẹrù ni. Nínú ẹ̀rọ tó ń gbé iná tó tó 275,000 fóltì bíi ti North Hyde, ìwé yìí àti epo ni kì í jẹ́ kí iná fò láti ara wáyà kan bọ́ sára òmíràn.

Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti máa ń yọ epo tiransifọ́mà, ibi kan náà tí dísù ti ń wá, àmọ́ wọ́n ti sẹ́ ẹ mọ́ kanlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń dúró láàárín àwọn ohun tí iná ń gbà kọjá kí wọ́n má bàa kan ara wọn, ó sì ń gba ooru lára wáyà, á gbé e lọ sí rédíétọ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, á tún padà wá gba òmíràn. Epo tuntun máa ń mọ́ gaara, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á pọ́n bí oyin. Tí wọn ò bá dá sí i, á dúdú bí ọ̀dà.

Ooru, afẹ́fẹ́ àti omi ló ń bà á jẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń gbá jọ ṣiṣẹ́ ni. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á wọnú epo, ooru á gbé wọn pọ̀, bàbà tó wà nínú ẹ̀rọ á tún mú kí iṣẹ́ náà yá, ohun tí wọ́n á sì bí ni ásíìdì. Ásíìdì á máa jẹ ìwé, á máa jẹ irin. Tó bá pẹ́, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ wáyà, tó sì ń dí ojú ọ̀nà tí epo ń gbà lọ tutù. Epo tí kò rí ọ̀nà lọ tutù á túbọ̀ gbóná, epo tó túbọ̀ gbóná á túbọ̀ mú ásíìdì wá.

Ní ti ìwé, ooru ò ṣe é láàánú kankan. Ìlànà àjọ IEC, tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún ẹ̀rọ oníná kárí ayé, fi 98°C ṣe òdiwọ̀n fún ibi tó gbóná jù lọ lára wáyà tí wọ́n fi ìwé lásán we. Tí ibẹ̀ bá fi 6°C péré gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé náà á máa gbó ní ìlọ́po méjì. Tó bá fi 12°C jù ú lọ, ìlọ́po mẹ́rin. Ìwé yẹn dà bí ẹ̀wọ̀n tí ojú rẹ̀ lé ní 1,000 nígbà tó wà ní tuntun. Bó ṣe ń gbó ni ẹ̀wọ̀n náà ń já sí kéékèèké. Nígbà tó bá fi máa ku ojú bíi 200, ìwé náà ti gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pẹ́ nínú oòrùn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìfọ́, títí di ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wáyà ìta, bóyá àrá sán tàbí igi wó lù ú, tí wáyà inú ẹ̀rọ sì gbọ̀n rìrì. Ọjọ́ yẹn ló máa ya.

Àwọn ẹnjiníà fẹ́ràn láti máa pe epo ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀rọ. Àfiwé náà dára, àmọ́ ibì kan wà tó ti kù díẹ̀ káàtó. Èèyàn lè fa epo dànù kó rọ òmíràn sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìwé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ rẹ̀ láì tú gbogbo wáyà ẹ̀rọ náà palẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ tiransifọ́mà tuntun nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ̀mí ìwé bá pin ni ẹ̀mí tiransifọ́mà pin. Ẹlẹ́rìí lásán ni epo, òun ló ń ròyìn ohun tí ìwé ń fara dà.

Ọ̀rọ̀ omi gbòòrò ju ìyókù lọ, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé epo àti omi kì í rẹ́. Síbẹ̀, epo máa ń fi omi díẹ̀ pa mọ́ sínú. Ní 20°C, kílò epo kan lè gba omi tó bíi mílígíráàmù 50 mọ́ra kó tó kún, bó bá sì ṣe ń gbóná sí i ló ń gbà sí i. Kékeré tún nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìwé, torí pé nínú ìwé ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú omi tiransifọ́mà ń gbé, ó ju ìdá 95 nínú 100 lọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń lo iná gan-an, ẹ̀rọ á gbóná, omi á kúrò nínú ìwé bọ́ sínú epo. Tí wọ́n bá wá dín iná kù lójijì, tí epo tutù kíákíá, ìwé kì í tètè gba omi rẹ̀ padà. Epo tó ti tutù ò lè gbé e mọ́. Omi náà á wá di ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láàárín wáyà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́nrán kéékèèké tó já lára ìwé máa ń wà nínú epo tó ti pẹ́. Tí fọ́nrán yìí bá gbẹ, ewu rẹ̀ ò pọ̀. Tó bá tutù, agbára iná á máa fà á mọ́ra, á máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín wáyà méjì títí tó fi máa di afárá. Nígbà tí afárá bá sì ti délẹ̀, kí ló kù tí iná máa dúró dè?

Ọ̀nà kejì yára jù báyìí lọ. Tí ìwé bá ti ní omi tó tó ìdá 2 nínú 100, tí ẹrù iná wá pọ̀ débi pé wáyà gbóná dé nǹkan bíi 140°C, omi inú ìwé á hó, á di ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ nínú epo. Afẹ́fẹ́ ò lè dá iná dúró bí epo ṣe ń dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kìlọ̀ pé ẹrù tí tiransifọ́mà gbígbẹ máa gbé láìkérora lè pa ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ti mumi.

Omi yẹn ń wá láti ibi púpọ̀. Rọ́bà tó wà lójú ìdè lè gbó kó máa jò. Ìwé fúnra rẹ̀ máa ń bí omi bó ṣe ń gbó, nítorí náà táńkì tí kò ní ojú ihò kankan ṣì lè lómi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé tiransifọ́mà ń mí. Tí epo bá gbóná, á wú, á ti afẹ́fẹ́ jáde. Tó bá tutù, á fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ní ihò imú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìgò kan kọ́ sí, tí wóró sílíkà kún inú rẹ̀ láti fa omi inú afẹ́fẹ́ kó tó wọlé. Irú kan jẹ́ búlúù nígbà tó gbẹ, á di pińkì tó bá ti mumi yó. Òmíràn jẹ́ àwọ̀ ọsàn, òun á di àwọ̀ ewé. Èmi gan-an, ìgò yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ sí bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń sọ irú ọwọ́ tí ẹ̀rọ náà wà fún mi.

Ti pé epo ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Àyẹ̀wò tó rọrùn jù ni kí wọ́n bu epo sínú abọ́ kékeré tó ní orí irin méjì, tí àlàfo mílímítà 2.5 wà láàárín wọn, kí wọ́n wá máa fi iná kún iná títí tó fi máa fò. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n á wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Epo tuntun tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àti omi inú rẹ̀ kúrò, gbọ́dọ̀ lè dá 70 kílófóltì dúró. Wọ́n tún máa ń wọn omi, wọ́n máa ń wọn ásíìdì, wọ́n máa ń wo àwọ̀.

Àmọ́ àyẹ̀wò gáàsì ni ọba wọn. Ohunkóhun tó bá ń mú ooru tàbí iná wá lábẹ́ epo máa ń fọ́ epo náà sí gáàsì, gáàsì ọ̀hún á sì yòrò síbẹ̀. Irú gáàsì ló ń sọ irú àìsàn. Tí háídírójìn bá ń pọ̀ láìsí òmíràn, ó jọ pé iná ń yọ́ ta níbì kan. Tó bá jẹ́ ẹ́tílíìnì, irin kan ti ń gbóná gan-an. Kábọ́ọ̀nù mónósáídì sábà máa ń tọ́ka sí ìwé. Èyí tí wọ́n ń sá fún jù ni asẹ́tílíìnì, gáàsì tí àwọn jórinjórin ń lò. Ó ń fẹ́ ooru tó bíi 700°C kó tó jáde wọ̀ǹtìwọnti, kò sì sí ohun tó yẹ kó gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le. Tó bá ti yọjú, tó sì ń lé sí i láti oṣù dé oṣù, iná ti ń fò nínú epo nìyẹn. Láti ọdún 1974 ni Michel Duval, onímọ̀ kẹ́míìsì ní Hydro-Québec ní Kánádà, ti ya àwòrán onígun mẹ́ta kan tí wọ́n fi ń ka gáàsì mẹ́ta pọ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Títí di òní, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń nawọ́ mú.

Tí gáàsì bá pọ̀ ju èyí tó lè yòrò, á dìde. Max Buchholz, ará Jámánì, ti rí ìyẹn ṣe láti ọdún 1921: àpótí kékeré kan tó jókòó sójú páìpù tó lọ sókè láti orí táńkì. Gáàsì tó bá gba ibẹ̀ á kó jọ sínú rẹ̀, àpótí náà á figbe ta. Bí epo bá sì ya lójijì, á já iná ẹ̀rọ náà kúrò. Àyẹ̀wò gáàsì ń kìlọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ti Buchholz sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí nǹkan ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún ará ìta. Bí epo bá ti dọ̀tí, wọ́n lè gbé ẹ̀rọ asẹ́ wá, kí wọ́n fa omi àti gáàsì inú rẹ̀ kúrò. Wọ́n tún lè gba epo náà kọjá nínú amọ̀ pàtàkì kan tó ń gba ásíìdì, kó padà mọ́ bíi tuntun. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ gáàsì tó ń sọ ìtàn àìsàn náà bá omi lọ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àyẹ̀wò á mọ́ tónítóní, ẹni tí kò bá mọ̀ pé wọ́n ti sẹ́ epo náà á fọwọ́ sí i pé ara ẹ̀rọ ti dá. Ibi tí iná ń ta sí ṣì wà níbi tó wà. Mo gbà pé ìwé àkọsílẹ̀ tó sọ ọjọ́ tí wọ́n sẹ́ epo níye lórí bí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀.

Àìsàn kan tilẹ̀ wà tí gáàsì kì í sọ. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn tiransifọ́mà tí kò tíì pẹ́ rárá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, tí àyẹ̀wò gáàsì wọn ò sì ní àbùkù. Nígbà tí wọ́n tú wọn, wọ́n bá nǹkan dúdú lára ìwé. Imí-ọjọ́ inú epo kan ló ti bá bàbà ṣe, ohun tí wọ́n bí sì lẹ̀ mọ́ ìwé, ó sọ ọ́ di ohun tí iná lè gbà kọjá. Láti ọdún 2008 ni IEC ti ní àyẹ̀wò tirẹ̀ fún un: wọ́n á fi ìwé we bàbà, wọ́n á rì í sínú epo náà ní 150°C fún wákàtí 72, wọ́n á wá tú u wò. Ẹni tó bá bá irú epo bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó fi oògùn kan sí i tó máa ń bo ojú bàbà.

Ọ̀rọ̀ PCB, kẹ́míkà olómi tó jẹ́ májèlé, náà ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ti fìgbà kan rọ ọ́ sínú tiransifọ́mà torí pé kì í tètè jó. Àdéhùn Stockholm tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2001 ní kí orílẹ̀-èdè gbogbo ti mú un kúrò nínú ẹ̀rọ tó bá máa fi di 2025, kí wọ́n sì ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tó bá máa fi di 2028. Ọ̀kan lára ohun tó ń dá iṣẹ́ náà dúró ni pé ẹ̀rọ asẹ́ kan náà ni wọ́n máa ń gbé láti ara tiransifọ́mà kan lọ sára òmíràn, ó sì ti fi májèlé náà ran àwọn tí kò ní in tẹ́lẹ̀.

Ká padà sí North Hyde. Apá tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bọ́ṣìn, ìwo gígùn tó yọ sókè lórí tiransifọ́mà, ibi tí wáyà ń gbà wọnú táńkì láìfara kan irin. Ìwé tí wọ́n rì sínú epo ló wà nínú tirẹ̀ náà. Epo yẹn dá dúró, kì í pò mọ́ ti táńkì, kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà èèyàn lè máa yẹ epo táńkì wò lọ́dọọdún, kó má mọ nǹkan kan nípa bọ́ṣìn. Ìwé inú rẹ̀ ò nípọn tó bí ẹni ṣe lè rò, iná alágbára ẹ̀rọ náà ló sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Tí ọ̀rinrin bá wọ ibẹ̀, ó lè bú gbàù, kí iná já bọ́ sórí epo táńkì.

Síbẹ̀, ní ti bọ́ṣìn yìí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò o. NESO rí i pé ní oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n bu epo nínú rẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé omi inú epo náà ti pọ̀ jù. Ìlànà National Grid tó ni ibùdó náà sọ pé iye omi bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé àbùkù kò ní pẹ́ yọjú, àti pé kí wọ́n pààrọ̀ bọ́ṣìn. Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2022, wọ́n tún sún àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n ṣe lára ẹ̀rọ náà síwájú. Ọjọ́ tí àbọ̀ NESO jáde ni Ofgem, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná níbẹ̀, kéde pé òun ń wádìí ilé iṣẹ́ náà, ó sì ní kí àwọn tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lọ yẹ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ míì wò. Àrùn tó ń ṣe ògójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná báyìí ni pé ẹrù tó wà lórí àwọn tiransifọ́mà àtijọ́ ń pọ̀ sí i, láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ oníná títí dé àwọn ilé tó kún fún kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ àtirí tuntun rà ti le. Àjọ International Energy Agency sọ ní 2025 pé ẹni tó bá ra tiransifọ́mà ńlá lè dúró tó ọdún 4 kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan ti ń lo epo tí wọ́n fún láti inú irúgbìn dípò ti rọ̀bì. Ìyẹn kì í jó àfi tó bá gbóná kọjá 300°C, ó sì ń fa omi kúrò lára ìwé dáadáa. Àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń kàn án, kì í pẹ́ bàjẹ́, nítorí náà táńkì rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mí sí ìta. Kò sì yọ èèyàn nínú àyẹ̀wò.

Láti oṣù Keje 2018 tí epo bọ́ṣìn North Hyde ti sọ̀rọ̀, títí di alẹ́ tí iná sọ, ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ ni. Àsìkò yẹn tó láti ra odindi tiransifọ́mà tuntun kí wọ́n sì gbé e dé, pẹ̀lú bó ṣe wọ́n tó lónìí. Bọ́ṣìn kan ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀.